Ọjọ́ Méje Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fèrèsé Rélùwéè

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe iṣẹ́ bíríkìlà. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, mo bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ ká jọ lọ. Wọn ò dárúkọ ìlú kankan. Wọ́n ní, “Mú mi wọ rélùwéè tó ń gba etí òkun àti àárín oko kọjá. Mo fẹ́ jókòó, kí ilẹ̀ máa rìn kọjá lójú mi.” Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ méje la yà sọ́tọ̀ ní ilẹ̀ Brítéènì, láti gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dé ìwọ̀-oòrùn Skọ́tlándì. Alaalẹ́ ni mo ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan kí oorun tó gbé mi lọ. Ohun tí mo kọ rèé, mo kàn tún un tò díẹ̀ ni.

Ká tó gbéra, a ra káàdì ẹ̀dínwó tí wọ́n ń pè ní Two Together Railcard. Èèyàn méjì tí orúkọ àti fọ́tò wọn wà lórí rẹ̀ ló wà fún. Bí wọ́n bá jọ rìn, ìdá kan nínú mẹ́ta owó tìkẹ́ẹ̀tì ló ń kúrò. Láàárín ọ̀sẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ àfi tí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ bá ti lù, ìdí nìyẹn tí a ò fi jáde láàárọ̀ kùtùkùtù.

Ọjọ́ kìíní: Exeter sí Teignmouth

Ẹ jókòó sọ́wọ́ òsì. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ nìyẹn, torí ẹni tó bá jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún lójú ọ̀nà yìí, ara àpáta ni yóò máa wò nígbà tí òkun bá ń tàn lẹ́yìn rẹ̀. Odò Exe ló kọ́kọ́ yọ sí wa. Ó ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń sún mọ́ òkun. Omi ti fà, ẹrẹ̀ ti yọ, àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn sì ń ṣa nǹkan jẹ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn Dawlish Warren ni odò tán, òkun sì gba ipò rẹ̀ lójijì. Kò sí ilé, kò sí igi. Odi tí wọ́n mọ sẹ́nu omi nìkan ló wà láàárín àwa àti ìgbì.

Ẹ̀gbọ́n mi fi iwájú orí kan gíláàsì. “Àbúrò, ta ló gbójú gbóyà mọ nǹkan síwájú òkun báyìí?”

Isambard Kingdom Brunel ni, onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ọdún 1846 ni wọ́n ṣí ojú irin náà. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé Brunel ò tiẹ̀ fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa fa ọkọ̀ níbẹ̀. Ó tẹ́ páìpù ńlá sáàárín irin méjèèjì, ó kọ́ àwọn ilé ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti máa fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, kí afẹ́fẹ́ ìta lè máa ti ọkọ̀ lọ. Awọ ni wọ́n fi bo ojú páìpù náà, ọ̀rá ni wọ́n sì fi ń pa á kó má baà jò. Awọ ọ̀hún ò bá wọn ṣe é: ó ń gbẹ, ó ń ya, afẹ́fẹ́ sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ náà ò ju nǹkan bí ọdún kan lọ, wọ́n pa á tì ní 1848. Ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀rọ náà ṣì dúró ní Starcross. A ti kọjá lára rẹ̀ kí òkun tó yọ.

Láàárín Dawlish àti Teignmouth, ihò márùn-ún ni wọ́n gbẹ́ gba inú àpáta pupa. Òkùnkùn á ṣú, ojú á sì tún là sórí òkun, tí omi á tún dà bí ohun tí a ò rí rí. Gbogbo ìgbà tí a bá ti jáde ni Ẹ̀gbọ́n mi ń mí kanlẹ̀.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, a sọ̀ kalẹ̀ ní Dawlish. Ní oṣù kejì ọdún 2014, ìjì fọ́ odi ibẹ̀ lóru. Òkun kó ilẹ̀ abẹ́ irin lọ, irin sì so rọ̀ lófuurufú bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Fún oṣù méjì, rélùwéè ò lè gba ibẹ̀ lọ sí Plymouth àti Cornwall. Nǹkan bí 300 òṣìṣẹ́ ló ṣe é tọ̀sán-tòru. Wọ́n to àpótí irin tí ọkọ̀ òkun fi ń kó ẹrù síwájú, wọ́n di òkúta sínú wọn, kí ìgbì lè kọ́kọ́ na ìyẹn ná. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ni ọkọ̀ tún kọjá. Odi tuntun tó wà níbẹ̀ báyìí ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, orí rẹ̀ sì tẹ̀ síta bí ètè, kí ìgbì tó bá gùn ún lè ṣubú padà sínú òkun.

Ẹ̀gbọ́n mi rin ẹsẹ̀ odi náà lọ, wọ́n rìn ín bọ̀. Wọ́n wá ibi tí iṣẹ́ àtijọ́ àti iṣẹ́ tuntun ti pàdé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀yìn ìka kan odi náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì tẹ́tí. “Ọwọ́ wọn mọ́,” ni wọ́n sọ. N kò mọ̀ nígbà náà pé bí wọ́n ó ṣe máa ṣe nìyẹn ní gbogbo ibi tí a bá dé.

Ọjọ́ kejì: Exeter sí St Ives

Ọ̀nà jìn. Ní kété tí a kúrò ní Plymouth, ọkọ̀ dẹ ìrìn, ó ń rìn bí àgbàlagbà, torí ojú irin kan ṣoṣo ló wà lórí afárá Royal Albert tó gba orí odò Tamar. Páìpù irin ńlá méjì tó tẹ̀ bí ọrun ló so ó ró, omi sì wà nísàlẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n mítà. Brunel kan náà ló ṣe é. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1859, àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀. Orí àga gbọọrọ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, lórí ọkọ̀ ẹrù rélùwéè, kó tó lè gba orí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ kọjá. Kò rí ìparí ọdún náà. Orúkọ rẹ̀ àti ọdún yẹn wà gàdàgbà gàdàgbà lẹ́nu afárá náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé òdìkejì. Ìgbà yẹn ni wọ́n ní, “Kò sí ibì kan tí wọ́n kọ orúkọ tèmi sí.” Mo dárúkọ ilé mẹ́ta tí mo mọ̀ pé ọwọ́ wọn ló mọ ọ́n, mo sì dárúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú àwọn ilé ọ̀hún. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n yíjú sí fèrèsé.

Inú Cornwall, àfonífojì ló ń tẹ̀ lé àfonífojì. Igi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ọ̀pọ̀ afárá ibẹ̀, wọ́n gbé e lé òpó olókùúta. Nígbà tí wọ́n wá mọ afárá tuntun, wọn ò wó àwọn òpó àtijọ́. Títí di òní ni àwọn òpó náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá tó rọ́pò wọn, ìtàkùn ti bò wọ́n, wọn ò sì gbé nǹkan kan mọ́.

A sọ̀ ní St Erth, a wọ ọkọ̀ kékeré tó ń lọ sí St Ives. Ọdún 1877 ni wọ́n ṣí ojú irin kúkúrú yìí, ìrìn rẹ̀ ò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìlá lọ. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ ó jókòó sí lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ ó kọ́kọ́ rí ẹnu odò Hayle tí ẹyẹ kún inú rẹ̀, ẹ ó rí òkìtì iyanrìn, ẹ̀yìn náà ni ọkọ̀ yóò gun etí òkè, tí gbogbo etíkun Carbis Bay yóò sì tẹ́ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, omi rẹ̀ aláwọ̀ búlúù tó ń di àwọ̀ ewé bó ṣe ń sún mọ́ iyanrìn. Bí ẹnì kan bá ní wákàtí kan péré láyé rẹ̀ láti fi wọ rélùwéè, ibí ni màá rán an. A lọ, a bọ̀ sí St Erth, a tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí a tó padà sílé ìtura.

Ọjọ́ kẹta: Exeter sí Leeds

À ń sún sí àríwá ni lónìí. Nǹkan bí wákàtí márùn-ún, nínú òjò. Ẹ̀gbọ́n mi sùn láti Bristol dé Derby.

Ọjọ́ kẹrin: Leeds sí Carlisle

Ọjọ́ yìí ni mo ti ń retí látìgbà tí a ti ra tìkẹ́ẹ̀tì. Láti Settle sí Carlisle jẹ́ nǹkan bí 116 kìlómítà. Ilé-iṣẹ́ Midland Railway bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà náà ní 1869, àwọn èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní 1876. Orí òkè ni ó gbà, nítorí náà ihò 14 ni wọ́n gbẹ́, afárá gíga tí wọ́n mọ sì lé ní ogún. Nǹkan bí 6,000 ọkùnrin ló fi ọkọ́, ṣọ́bìrì àti ẹ̀tù ṣe é.

Bí a ṣe kúrò ní Settle, òkè Pen-y-ghent yọ lọ́wọ́ ọ̀tún, Ingleborough yọ lọ́wọ́ òsì, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí tábìlì. Ògiri òkúta gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ sókè títí ojú ò fi tó o mọ́, kò sì sí símẹ́ńtì láàárín òkúta kan àti èkejì. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ìwúwo òkúta yẹn ni símẹ́ńtì rẹ̀. Ẹni tó tò ó mọ ojú òkúta.”

Ní Ribblehead, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Mo bẹ̀ yín. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ gba orí afárá yẹn kọjá ò rí i; pápá ló rí. A rìn ìṣẹ́jú díẹ̀ láti ibùdókọ̀, afárá náà sì dìde níwájú wa: ojú 24 tó tẹ̀ bí ọrun ló ní, gígùn rẹ̀ jẹ́ 400 mítà, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 32. Òkúta ni àwọn òpó, bíríkì ni wọ́n fi tẹ orí àwọn ojú rẹ̀. Atẹ́gùn tó ń gba àárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba fìlà lórí wa.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka òpó. Láìpẹ́ wọ́n ké sí mi. “Wá wo èyí. Ó sanra ju àwọn tó kù lọ.” Wọ́n ka mẹ́fà síwájú, wọ́n tún bá òmíràn. Mo ti kà nípa rẹ̀ ṣùgbọ́n n kò tíì sọ fún wọn: òpó kẹfà-kẹfà ni wọ́n mọ nípọn, kó lè jẹ́ pé bí òpó kan bá wó, ojú díẹ̀ péré ni yóò bá a lọ, tí ìyókù yóò dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ò nílò ìwé kí wọ́n tó rí i. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Orí pápá tí a dúró sí yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ ahéré onípákó wọn sí, àwọn àti ìyàwó àti ọmọ. Wọ́n sọ àwọn àgọ́ náà lórúkọ: Batty Green, Sebastopol, Inkerman, Jericho. Koríko àti àgùntàn ló kù níbẹ̀. Jàǹbá ibi iṣẹ́ pa àwọn kan, ìgbóná pa àwọn mìíràn. Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà ní Chapel-le-Dale, nítòsí ibẹ̀, nǹkan bí 200 èèyàn ni wọ́n sin láàárín ìgbà iṣẹ́ náà, ọkùnrin, obìnrin, àti ọmọdé. Mo sọ èyí fún Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé òpó tó sún mọ́ wọn, wọ́n sì fi ẹ̀yìn ìka kàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò sọ pé nǹkan kan dún dáadáa.

Wákàtí méjì ni a lò níbẹ̀ kí ọkọ̀ mìíràn tó dé. Ihò Blea Moor ló tẹ̀ lé e, ó gùn tó kìlómítà méjì ààbọ̀ ó dín díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àfonífojì Dent là sílẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Ibùdókọ̀ Dent ga tó 350 mítà. Kò sí èyí tó ga tó o lójú irin gbogboogbò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní Garsdale, ẹ wo orí pèpéle dáadáa. Ère ajá kan wà níbẹ̀. Ruswarp lorúkọ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n fẹ́ ti ojú irin yìí pa, wọ́n ní owó àtúnṣe Ribblehead pọ̀ jù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kọ̀wé tako ìpinnu náà, ọ̀gá Ruswarp sì wà lára àwọn tó ṣíwájú. Ajá náà fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sanwó ọkọ̀. Ní oṣù kẹrin 1989, ìjọba sọ pé àwọn ò ní tì í mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá náà lọ gun òkè ní Wales, kò sì padà. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni wọ́n rí òkú rẹ̀, Ruswarp ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní láti gbé ajá náà sọ̀ kalẹ̀ torí kò lè rìn mọ́. Ó wà níbi ìsìnkú ọ̀gá rẹ̀, kò sì pẹ́ sí i tí òun náà fi kú. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọ èyí ni omi ń bọ́ lójú mi.

Láti ibẹ̀ lọ, odò Eden, igbó, àti oko tó tẹ́jú. Ìrọ̀lẹ́ ni a dé Carlisle.

Ọjọ́ karùn-ún: Carlisle sí St Bees

Ọwọ́ ọ̀tún. Lẹ́yìn Maryport ni òkun súnmọ́ tòsí. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, àwọn òkè Skọ́tlándì ló wà lódìkejì omi. Láàárín Parton àti Whitehaven, àpáta rọ̀ sórí irin lápá kan, ìgbì ń na òkúta lápá kejì, ọkọ̀ sì ń yọ́ lọ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. St Bees ni ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ti bẹ̀rẹ̀ tó gba inú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá dé etíkun kejì ní Robin Hood’s Bay, nǹkan bí 300 kìlómítà. A bá àwọn mẹ́ta tó fẹ́ gbéra, wọ́n ń ki bàtà bọ omi òkun kí wọ́n tó kọjú sí òkè.

Ọkọ̀ tó yẹ ká wọ̀ padà ò wá, ẹnikẹ́ni ò sì sọ ìdí rẹ̀. Wákàtí kan nínú atẹ́gùn. Ẹni tó bá ń gba ojú irin kékeré báyìí, kó má ṣe fi ọkọ̀ tó kẹ́yìn ọjọ́ ṣe ọkọ̀ àbọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà: Glasgow sí Fort William

A kúrò ní Carlisle láàárọ̀, a sọ̀ ní Glasgow Central, a fẹsẹ̀ rìn dé Queen Street. Ẹ ṣọ́ra: ọkọ̀ yìí máa ń pín sí méjì ní Crianlarich, apá kan á lọ sí Oban, apá kejì á lọ sí Fort William. Ẹ béèrè èyí tó jẹ́ tiyín kí ẹ tó jókòó.

Ọdún 1894 ni wọ́n ṣí ojú irin náà. Bí a ṣe kúrò ní Bridge of Orchy ni ilé tán, tí ọ̀nà mọ́tò náà sì yà kúrò lọ́dọ̀ wa. Rannoch Moor nìyẹn, irà tó lọ salalu, omi dúdú káàkiri inú rẹ̀ bí ẹni da dígí sílẹ̀. Ilẹ̀ náà ò lè gbé irin dúró. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ni pé wọ́n to gbòǹgbò igi àti ẹ̀ka igi lé ara wọn bí ẹni tẹ́ ẹní, wọ́n da ilẹ̀ àti eérú lé e, tọ́ọ̀nù lórí tọ́ọ̀nù, títí ó fi gba irin. Orí ẹní yẹn ni a ṣì ń gbà kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀ dáadáa, bí ẹni fẹ́ fi àtẹ́lẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Owó tán lórí iṣẹ́ náà nígbà kan, ọ̀kan nínú àwọn olùdarí, ẹni tí wọ́n ń pè ní Renton, sì fi lára owó ara rẹ̀ gbà á. Àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́ orí rẹ̀ sára òkúta ńlá kan, ó wà ní ibùdókọ̀ Rannoch títí di òní. “Ó dára,” ni Ẹ̀gbọ́n mi wí. “Àwọn tó gbẹ́ ẹ ńkọ́?”

Corrour ló tẹ̀ lé e, 408 mítà sókè, ibùdókọ̀ tí mọ́tò ò lè gba ojú ọ̀nà kankan dé fún gbogbo ènìyàn. Àgbọ̀nrín pupa mẹ́rin dúró ń wò wá. Ojú mi ò kúrò lára wọn títí wọ́n fi di àmì kékeré lórí òkè.

Ọjọ́ keje: Fort William sí Mallaig

Ọwọ́ òsì. Apá yìí ni wọ́n ṣí ní 1901, ìṣẹ́jú bí ọgọ́rin ni ìrìn rẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ rí òkè Ben Nevis lẹ́yìn yín, bí ìkùukùu bá gbà. Lẹ́yìn náà ni Glenfinnan, afárá olójú 21 tó tẹ̀ bí ẹni tó na apá gbá àfonífojì mọ́ra. Bó ṣe tẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ lè rí iwájú ọkọ̀ rẹ̀ lórí afárá náà. Adágún Shiel wà nísàlẹ̀, òpó ìrántí kan dúró létí rẹ̀, níbi tí Charles Edward Stuart, ọmọ ọba tó ń jà láti gba ìtẹ́ Brítéènì padà fún ìdílé rẹ̀, ti gbé àsíá ogun rẹ̀ sókè ní 1745.

Kọnkéré ni gbogbo afárá náà, Robert McAlpine ló kọ́ ọ, kò sì sí irin nínú rẹ̀. “Kò sí irin kankan?” Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni pé mo ṣì wọ́n wí. Kò sí. Ọ̀rọ̀ kọnkéré yìí ni wọ́n ń sọ títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Loch nan Uamh, níbi tí mo ti ní láti dá wọn dúró, torí ìtàn tí mo ti tọ́jú de ibẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ti tó sọ.

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn afárá wọ̀nyí, ẹṣin kan já sínú òpó oníhò, tòun ti kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ń fà. Wọn ò gbé e jáde. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn èèyàn fi gbà pé Glenfinnan ló ti ṣẹlẹ̀. Ní 1987, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Roland Paxton ki kámẹ́rà bọ inú àwọn òpó Glenfinnan, kò rí nǹkan kan. Ní 2001, wọ́n fi rédà wo inú òpó ńlá tó wà láàárín afárá Loch nan Uamh, wọ́n sì rí ẹṣin náà àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Kí n tó parí ọ̀rọ̀, a ti kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Arisaig kọjá, iyanrìn funfun Morar kọjá, erékùṣù Eigg àti Rum yọ lójú òkun, Skye lẹ́yìn wọn. A dúró ní èbúté Mallaig bí wákàtí méjì, a ń wo ọkọ̀ ojú omi. Wọn ò sọ púpọ̀.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n dìde kí a tó dé Loch nan Uamh. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sì fi ẹ̀yìn ìka kan férémù fèrèsé lẹ́ẹ̀mẹta. Obìnrin kan tó jókòó kọjú sí wa béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe.

“Ẹṣin kan wà nísàlẹ̀ yìí,” ni wọ́n dá a lóhùn, wọ́n sì sún kúrò kó lè rí ìta láti fèrèsé wa.